Òkúta Tí A Gbé Lọ Dán Wò ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka

Ọyẹ́ ti bo Ùsò mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mi ò rí igi ọsàn tó wà níwájú mi, bẹ́ẹ̀ bí ewé rẹ̀ bá já, inú àgbàlá mi ló ń bọ́ sí. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ètè mi ti gbẹ kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀ tán. Eruku funfun dúró sójú ọ̀run bí èlùbọ́ tí ẹnìkan gbọ̀n tí kò fẹ́ balẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń rùn bí koríko jíjó. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ojú ọjọ́ yìí kò dára fún ìrìn àjò. Ọmọ-ọmọ mi, Kẹ́mi, jáde ní tirẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Màmá, irú rẹ̀ gan-an ni mo ń wá."

Ọmọ mi kejì ló bí Kẹ́mi. Iṣẹ́ ìjọba ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní Àkúrẹ́, ọwọ́ mi sì ni ọmọ náà dàgbà sí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Àṣàkẹ́ títí di òní, bó ti wù kí ìwé tó kà pọ̀ tó. Èmi kò kàwé jìnnà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá máa bá ìyá mi lọ sóko. Ó pẹ́ kí n tó mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bó sì ṣe yé mi náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní lésà. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà a máa fọ́n ká gbogbo yàrá. Lésà kì í fọ́n ká, tààrà ló ń lọ bí òwú tí wọ́n fà le. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe é, ṣùgbọ́n ti Kẹ́mi, inú òkúta ló ti ń jáde. Òkúta yìí kì í ṣe èyí tí a ń wú nílẹ̀ oko. Wọ́n máa ń yọ́ ìyẹ̀fun oríṣiríṣi nínú iná ìléru ni, wọ́n á wá máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa oyin tó ti dì, títí yóò fi di ọ̀pá kékeré tó mọ́ gaara. Kírísítà ni wọ́n ń pè é. Èyí tí Kẹ́mi fi hàn mí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife sobo. Bí wọ́n bá tan iná sí i lára, yóò gbé iná náà mì, yóò sì dá a padà bíi lésà. Bí wọ́n bá wá rán lésà náà sókè, yóò kan eruku, yóò kan èéfín, yóò kan ewé igi, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà wá sínú ẹ̀rọ. Èyí tó padà wá yìí ni wọ́n fi ń mọ bí eruku ṣe pọ̀ tó lókè àti bí igi inú igbó ṣe ga tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá òkúta náà. Kò sí èyí tí kì í gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbóná jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, á tú bí okùn tó ti gbó. Oríṣi òkúta tuntun kan ni Kẹ́mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, èyí tí wọ́n gbà gbọ́ pé yóò lè fara da oòrùn ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ti ń dán an wò látẹ̀yìn wá. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní kó gbé e lọ síta, sínú eruku àti oòrùn, kó fi wé òkúta tí wọ́n ń rà láti òkè òkun. Bí ó bá yege, wọn yóò rán Kẹ́mi lọ sí òkè òkun láti lọ parí iṣẹ́ náà. Bí kò bá yege, iṣẹ́ náà tán nìyẹn, gbogbo ọdún tó ti fi ṣe é á sì wọlẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí tí ọmọ mi gbé mọ́ àyà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan ìyá arúgbó níbẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ni Kẹ́mi yàn, nítorí igbó wà níbẹ̀, oko wà, èéfín igbó jíjó náà sì wà. Ó ti kọ́kọ́ dá lọ, ó mú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání. Àwọn àgbẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un níṣu, wọ́n sì ní kó máa lọ. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó bí i. Ó padà wá sílé pẹ̀lú iṣu. Mo ní, "Àṣàkẹ́, ìwé kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ." Sàfúrátù, tí a jọ ń ta gàárì lọ́jà Ùsò nígbà tí ara ṣì le, Ẹlẹ́gbẹ̀ka ló fẹ́ ọkọ sí.

A wọkọ̀ láti Ùsò dé Ọ̀wọ̀. Oòrùn ti yọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó funfun bí òṣùpá, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Ní gáréèjì Ọ̀wọ̀ mo ra búrẹ́dì ńlá àti ṣúgà onígun tí màá fi kí àwọn onílé. Búrẹ́dì Ọ̀wọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Ùsò lọ, owó rẹ̀ sì ga ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n a kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Kẹ́mi háyà ọkọ̀ kan odindi nítorí àpótí náà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni awakọ̀ ní kí a san. Mo ní ṣé ọkọ̀ náà la fẹ́ rà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Bọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìdógùn ni, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

Ó fẹ́ ju àpótí náà sínú búùtù, Kẹ́mi fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Ẹyin ni?"

"Rárá. Òkúta ni."

Bọ̀dé wo Kẹ́mi, ó wo èmi. "Màmá, òkúta lẹ fi aṣọ wé báyìí?"

Mo ní, "Òkúta tó ti lọ sí yunifásítì ni."

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òkúta ti ju òun lọ, torí gírámà lòun ti yà kúrò. Láti ìgbà náà, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, Bọ̀dé á rọra gbé taya kalẹ̀, á sì wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀mọ̀wé," àpótí ló ń kí.

Ọ̀nà tó jáde láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ibi kan dán, ibi kan ti jẹ. Igi gẹdú ṣì wà lápá kan, lápá kejì gbogbo rẹ̀ ti di oko ẹ̀gẹ́. Àwọn ọlọ́pàá àti sójà dúró lójú ọ̀nà ní ibi púpọ̀. Àwọn ará Ùsò mọ̀ pé àwọn ajínigbé ló fà á, kò sí ẹni tó ń rin ọ̀nà yẹn nírọ̀lẹ́ mọ́ bí kò bá nídìí. Sójà kan ní kí a ṣí àpótí. Kẹ́mi ṣí i, ó ṣàlàyé. Sójà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ṣé ó lè rí ẹni tó bá sá pamọ́ sínú igbó?" Kẹ́mi ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn, igi lòun ń wọ̀n, àti eruku. Sójà ní, "Ẹ bá wa ṣe èyí tó ń rí ènìyàn náà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa àpótí dé fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.

Oúnjẹ ni Sàfúrátù fi pàdé mi. Ó ti sanra, ó sì ti pa irun láró.

"Ìyá Dúpẹ́, o ṣì gbẹ báyìí? Ṣé wọn ò gúnyán ní Ùsò mọ́ ni?"

"A ń gún un. Àwa la máa ń gún tiwa, a kì í jẹ ẹ́ tán kí àlejò tó dé."

Àwọn Ẹbira pọ̀ nínú àwọn tó ń dáko níbẹ̀, Sàfúrátù sì ti kọ́ oúnjẹ wọn. Ó gbé apapa wá, ìyẹn mọ́ínmọ́ín tiwọn, tí wọ́n fi ewé pọ́n, tó le ju tiwa lọ, tí epo pupa sì hàn nínú rẹ̀. Ní ilé wa, a ó ní ó yẹ kí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún nawọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a lọ kí Bàbá Ráímì, olórí àwọn àgbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dàgbà jù mí lọ. Mo gbé búrẹ́dì àti ṣúgà síwájú rẹ̀, mo wí fún un pé èmi ni ìyá Dúpẹ́ ti Ùsò, ọmọ-ọmọ mi nìyí, ìyá ni Sàfúrátù jẹ́ fún un. Ó bi mí léèrè nípa àwọn ará Ùsò tó mọ̀, a sì sọ̀rọ̀ wọn títí, àwọn tó kú àti àwọn tó kù. Kẹ́mi jókòó, ojú ń kán an. Ìgbà tó yá ni bàbá wí pé, "Ó dáa. Ìmọ́lẹ̀ tí ọmọ yín fẹ́ tàn yìí, wọ́n ní ó máa ń fọ́ ènìyàn lójú."

Kẹ́mi ní òótọ́ ni. Ó ní bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, ó lè ba ojú jẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi mú awò aláwọ̀ ọsàn wá, tí òun yóò sì ta okùn yí ibẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Inú mi dùn pé kò parọ́. Mo wá wí fún bàbá pé irú ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà ló la ojú mi ọ̀tún. Wọ́n ti fi abẹ yọ nǹkan funfun tó bò ó nígbà kan. Nígbà tó ṣe, ó tún di kùrukùru. Dókítà kò mú abẹ mọ́, ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ó sì rán ìmọ́lẹ̀ sínú ojú mi, bí ìgbà tí ẹ̀ta iná bá ń ta. Mo gbọ́ tó ń ró tá, tá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti ń rí ihò abẹ́rẹ́. Kẹ́mi ní òkúta inú ẹ̀rọ dókítà náà, mọ̀lẹ́bí òkúta tòun ni.

Bàbá Ráímì ní, "Iná tó ń se ọbẹ̀ náà ló ń jó ilé." Ó bu búrẹ́dì, ó fún Kẹ́mi níbẹ̀. A mọ̀ pé ó ti gbà.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé Sàfúrátù, níbi tó dojú kọ igbó. Àpótí irin ni, ó dojú kọ òkè, gíláàsì kan wà lórí rẹ̀ tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Sàfúrátù bi í pé kí nìyẹn. Kẹ́mi ní, "Ojú rẹ̀ nìyẹn, Màmá. Ibẹ̀ ló ti ń wò, ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde." Ó fún wa ní awò, ó tan án bí oòrùn ti ń wọ̀.

Mo ti dàgbà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Okùn ìmọ́lẹ̀ kan, aláwọ̀ ewé, tó tẹ́ẹ́rẹ́, dìde láti inú àpótí náà, ó wọ inú ọyẹ́ lọ sókè láìtẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló jẹ́ ká rí i. Ó ń ta wínníwínní nínú rẹ̀ bí ìgbà tí oòrùn bá gba ihò fèrèsé wọ yàrá. Kẹ́mi wọn òkúta òkè òkun, ó wọn tirẹ̀. Ó ní àwọn méjèèjì ń ṣe dáadáa nínú ìtútù, kí a máa retí oòrùn ọ̀la. Ó fi ìdérí bo ojú ẹ̀rọ náà, a sì lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, Kẹ́mi ti wà lẹ́yìn ilé. Ó jókòó sórí kùkùté igi, ó gbé orí lé eékún. Mo mọ ìjókòó yẹn láti kékeré rẹ̀.

"Kí ló dé, Àṣàkẹ́?"

"Ó ti rẹ̀, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ òkúta mi. Oòrùn ò tíì yọ, kò tíì rí ooru kankan, ó ti dín kù. Bí ó bá lè dín kù báyìí nínú òtútù, kí ni yóò ṣe lọ́sàn-án?"

Mo jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Láti ìgbà tó ti sọ fún mi pé wọ́n lè rán òun lọ sí òkè òkun ni mo ti ń rò ó pé bí òkúta náà bá kọ̀, ọmọ mi yóò dúró tì mí, inú mi á sì dùn. Ó wá kọ̀ lójú mi, inú mi kò dùn rárá. Ọrùn ọmọ náà tó tẹ̀ ni mo ń wò. Mo fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mo ní kó ṣe sùúrù kó tún un wò.

Ó nu ojú, ó dìde. Ó ní òun yóò dán òkúta òkè òkun wò, kí òun ṣáà lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yí i padà, ó wọ̀n ọ́n. Ó dúró. Ó tún un wọ̀n.

Ó ní, "Èyí náà ti rẹ̀." Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwọn méjèèjì ò lè ṣàìsàn kan náà lóru kan náà. Kì í ṣe òkúta. Kí ni àwọn méjèèjì jọ ń gbà kọjá?"

Ibi tó ti ń ro ìyẹn ni Sàfúrátù ti gbé ògì wá, pẹ̀lú awọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí rẹ̀. Ó kí wa kú àárọ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ṣé ara ti tù ú? Ìgbà tí mo jí kírun àsùbáà ni mo yọjú wò ó. Mo ṣí ìdérí, gbogbo ojú ọmọ náà ti gbẹ, eruku bò ó. Mo ní ah, ọyẹ́ yìí kò mọ àlejò. Mo fi ìborùn mi nù ún, mo sì fi òrí díẹ̀ pa á. Òrí dáadáa ni, wọ́n gbé e wá láti Bídà."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí a kì í fi òrí pa lásìkò yẹn. Ètè, gìgísẹ̀, orí ọmọ, awọ bàtà, títí dé etí ewúrẹ́. Kẹ́mi ní ojú ẹ̀rọ ni, Sàfúrátù rí i pé ó gbẹ, ó ṣìkẹ́ rẹ̀ bó ti ń ṣìkẹ́ tiwa.

Kẹ́mi wo Sàfúrátù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ wo gíláàsì náà. Ẹ̀rín wá mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó gbá Sàfúrátù mọ́ra.

"Kí ni mo ṣe?" Sàfúrátù ń bi mí lórí èjìká ọmọ náà.

Mo ní, "O fi òrí pa ojú ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò rọ́nà jáde."

"Èmi nìkan kọ́. Ìwọ náà ìbá ti fi pa á."

Òótọ́ ni, n bá ti fi pa á.

Kẹ́mi fi òwú àti sípíríìtì nu gíláàsì náà, ó nù ún, ó tún un nù. Ó wọ̀n ọ́n, ìmọ́lẹ̀ ti padà sí bó ṣe rí lálẹ́ àná. Ó ní kò sí ewu. Láti ìgbà yẹn Sàfúrátù gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀, ó ní kò sí ọwọ́ kankan tí yóò kan án mọ́, títí kan tòun.

Oòrùn wá yọ. Ọyẹ́ a máa tutù láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán rẹ̀ a máa jó ènìyàn. A wà níbẹ̀ títí òjìji fi sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Òkúta òkè òkun bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó yá ó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Kẹ́mi sì ní okùn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń fẹ̀ sí i. Ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Èmi ò mọ nọ́ńbà tó ń wò, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ó dín kù díẹ̀ nígbà tí oòrùn kọ́kọ́ mú, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò dín kù mọ́. Bàbá Ráímì wá wò wá, ó lọ, ó tún wá, òkúta náà ṣì dúró síbi tó dúró sí.

"Ó ti gbà á, Màmá," ni Kẹ́mi wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo ní, "Ìkòkò tó bá máa se ọbẹ̀ á kọ́kọ́ gba iná."

Bọ̀dé wá gbé wa kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Sàfúrátù di iṣu àti apapa fún wa. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó fọwọ́ kan Kẹ́mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọmọ mi, bí o bá dé ibi tí òtútù pọ̀ sí, má jẹ́ kí ara rẹ gbẹ." Bọ̀dé bi mí bóyá ọ̀mọ̀wé yege. Mo ní ó yege. Ó fun fèrè títí a fi kúrò ní àgbàlá, sójà tó yẹ àpótí wò sì ju ọwọ́ sí wa láìdá wa dúró.

Ilé wa ní Ùsò bá mi lára mu nígbà tí a dé. Igi ọsàn ti hàn. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo kọ́ lójú ọ̀nà náà, mo rí i pé ìwé lè dé ibi púpọ̀, síbẹ̀ ẹnìkan ní láti kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo sì rí i pé ohun tí a fi ìfẹ́ bò lójú kì í ríran jìnnà. Gíláàsì Kẹ́mi ló kọ́ mi ní ìyẹn, kì í ṣe pásítọ̀ wa.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sọ́jà, mo ra òrí tó funfun. Mo yọ́ ọ, mo fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, mo dà á sínú agolo tó ní ìdérí, mo sì gbé e fún Kẹ́mi kó fi sínú ẹrù òkè òkun rẹ̀. Mo ní ètè àti ẹsẹ̀ ni kó máa fi pa.

Ó ní, "Ẹ̀rọ ńkọ́, Màmá?"

Mo ní ẹ̀rọ ti ní sípíríìtì tirẹ̀. Díẹ̀ ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sórí itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.